Ìdákú Apá Ọkọ̀ Òfuurufú: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Ìgbàpadà fún Awakọ̀ àti Ẹ̀rọ Tó Ń Darí Ọkọ̀

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí tọpa ìtàn bí a ṣe ń kọ́ awakọ̀ òfuurufú láti gba ọkọ̀ rẹ̀ padà nígbà tí apá ọkọ̀ náà kò bá lè gbé e dúró mọ́, àti ìtàn àwọn ẹ̀rọ tí a ṣe láti máa bá a ṣe iṣẹ́ náà. Ó yẹ ìjàǹbá Abuja ní 2006, ti òkun Àtìláńtíìkì ní 2009, ti Ìkẹjà ní 2013 àti ti Ethiopia ní 2019 wò. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé ẹ̀rọ kò lè gba ipò ẹ̀kọ́, àti pé ohun tí ìdánwò bá díwọ̀n ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́, ìbáà jẹ́ ohun tí yóò pa á. Ó parí pẹ̀lú àbá fún ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ tó wà ní Ìlọrin àti fún àwọn olùkọ́ lápapọ̀.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìtumọ̀ òwe yìí ni pé ẹni tí a rán níṣẹ́ ní láti lo làákàyè. Bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi rán an kò bá tọ́, ó ní láti tún un ṣe kí ó tó jẹ́ ẹ. Ènìyàn lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá ṣe rán an ni yóò ṣe jẹ́ ẹ, yálà iṣẹ́ náà dára tàbí kò dára. Ìyàtọ̀ yìí hàn kedere nínú yàrá awakọ̀ òfuurufú, níbi tí ènìyàn àti ẹ̀rọ ti jọ ń di ọkọ̀ mú láti ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ náà kan Ìlọrin gbọ̀ngbọ̀n. Láti 1964 ni ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Zaria ti ń kọ́ àwọn awakọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà. Ní àkókò ìṣèjọba Bukola Saraki (2003 sí 2011), ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara dá ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Ìlọrin, ó sì pè é ní International Aviation College. Ọkọ̀ kéékèèké tí iléeṣẹ́ Diamond ń ṣe ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá jáde níbẹ̀ lè di ẹni tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò fi ẹ̀mí wọn sí lọ́wọ́, nínú ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí fún apá tó pọ̀ jù nínú ìrìn àjò rẹ̀. Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí ń bi ìtàn ni èyí: kí ni ó yẹ kí ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀, nígbà tí ẹ̀rọ ti ń ṣe ọ̀pọ̀ lára iṣẹ́ rẹ̀?

Ohun tí ìdákú apá jẹ́

Ẹni tí ó bá na àtẹ́lẹwọ́ síta láti ojú fèrèsé ọkọ̀ tó ń sáré ní títì Ìlọrin sí Ògbómọ̀ṣọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa apá ọkọ̀ òfuurufú. Bí ó bá tẹ́ ọwọ́ náà pẹrẹsẹ, afẹ́fẹ́ yóò kàn kọjá lára rẹ̀. Bí ó bá gbé iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò gbé ọwọ́ náà sókè. Bí ó bá wá gbé e sókè jù, ọwọ́ náà kò ní lọ sókè mọ́. Ẹ̀yìn ni afẹ́fẹ́ yóò máa tì í sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni apá ọkọ̀ òfuurufú rí. Afẹ́fẹ́ tí ń ṣàn kọjá lára rẹ̀ ni ó gbé e dúró. Bí igun tí apá fi ń pàdé afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí dígírì 15, afẹ́fẹ́ tó ń ṣàn lórí apá yóò já kúrò lára rẹ̀, yóò di rúdurùdu, agbára tó gbé ọkọ̀ dúró yóò sì já wálẹ̀ lójijì. Ìdákú apá ni orúkọ tí àpilẹ̀kọ yìí fún ipò náà, èyí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní stall.

Ìdákú apá kò jọ ti mọ́tò tó kú sójú títì. Ẹ́ńjìnnì lè máa ké ramúramù kí ọkọ̀ sì máa já bọ́. Oògùn rẹ̀ ni kí awakọ̀ ti imú ọkọ̀ sísàlẹ̀ kí igun náà lè dín kù, kí afẹ́fẹ́ lè tún máa ṣàn létòlétò lórí apá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé ara ènìyàn kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó rí ilẹ̀ tó ń sún mọ́ ọn yóò fẹ́ fa ọ̀pá ìdarí mọ́ àyà, nítorí pé òkè ni ó ń wá. Fífà tí ó ń fà á gan-an ni kò jẹ́ kí apá jí. Ìdí nìyí tí a kò fi lè fi ìgbàpadà sílẹ̀ fún ohun tí ara bá sọ. Ẹ̀kọ́ ni, a sì ní láti fi kọ́ ọwọ́ títí yóò fi mọ́ ọn lára.

Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ

Ìdákú apá ti ń pa ènìyàn kí ọkọ̀ òfuurufú ẹlẹ́ńjìnnì tó dé. Otto Lilienthal, ọmọ Jámánì tó máa ń fi apá tí ó fúnra rẹ̀ ṣe fò láti orí òkè, já bọ́ ní ọjọ́ 9, oṣù kẹjọ, 1896 nígbà tí apá náà dákú. Ó kú ní ọjọ́ kejì. Ikú rẹ̀ wà lára ohun tó mú kí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò nì, Wilbur àti Orville Wright, fi bí a ṣe ń darí ọkọ̀ ṣáájú ohun gbogbo kí wọ́n tó fò ní 1903. Kò ju ọdún 11 lọ lẹ́yìn náà tí Lawrence Sperry, ọmọ Amẹ́ríkà, fi gbé ẹ̀rọ kan wá sí Paris. Lójú ọ̀pọ̀ èrò ní 1914, ẹ̀rọ náà mú ọkọ̀ dúró déédéé nígbà tí Sperry na ọwọ́ méjèèjì sókè láti fi hàn pé òun kò di nǹkan kan mú. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè ti wà nílẹ̀ pé ta gan-an ni ó ń wa ọkọ̀.

Ní oṣù kẹwàá, 1963, ọkọ̀ BAC One-Eleven tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ní Britain já bọ́ níbi tí wọ́n ti ń dán an wò, àwọn 7 tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Òkè gan-an ni ìrù irú ọkọ̀ yìí wà. Nígbà tí apá dákú, afẹ́fẹ́ rúdurùdu tó ń ti ara apá bọ̀ bo ìrù mọ́lẹ̀, kò sì sí ohun tí awakọ̀ lè fi ti imú ọkọ̀ sísàlẹ̀ mọ́. Láti inú irú ìrírí yìí ni ẹ̀rọ méjì ti gbilẹ̀. Ọ̀kan máa ń gbọn ọ̀pá ìdarí jìgìjìgì láti kìlọ̀ pé apá fẹ́ dákú. Èkejì máa ń ti ọ̀pá náà síwájú fúnra rẹ̀ bí awakọ̀ kò bá ṣe nǹkan kan. One-Eleven yìí náà ni Okada Air àti Kabo Air lò púpọ̀ ní Nàìjíríà lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ àgbà tó ń ka àpilẹ̀kọ yìí ni ó sì ti wọ̀ ọ́ rí.

Ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ kò ní kí a má gbọ́n. Ní ọjọ́ 18, oṣù kẹfà, 1972, ọkọ̀ Trident kan já bọ́ ní Staines nítòsí London, ó sì pa gbogbo àwọn 118 tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ kìlọ̀, ó sì ti ọ̀pá ìdarí síwájú bí wọ́n ṣe rán an; àwọn awakọ̀ ni wọ́n pa á. Òtítọ́ ni ẹ̀rọ sọ lọ́jọ́ náà, ènìyàn ni kò gbà á gbọ́.

Nígbà tí ẹ̀rọ ìdánrawò, ìyẹn yàrá tí a kọ́ bí yàrá awakọ̀ tí kọ̀ǹpútà sì ń mì bí ọkọ̀ gidi, di ohun tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń lò, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ìgbàpadà. Ṣùgbọ́n wọn kì í sábà jẹ́ kí apá dákú tán. Bí ìkìlọ̀ bá ti dún, awakọ̀ yóò fún ẹ́ńjìnnì ní agbára kíkún, yóò sì sapá kí ọkọ̀ má ṣe sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ jù ni kò yege. Ìdánwò yìí ń kọ́ awakọ̀ láti di ibi gíga tó wà mú, nígbà tí ó jẹ́ pé fífi ibi gíga sílẹ̀ ni yóò gbà á là. Ní 1988, Airbus A320 bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ kì í gbà kí awakọ̀ fa imú ọkọ̀ sókè débi tí apá yóò fi dákú, bí gbogbo ohun èlò rẹ̀ bá ṣì pé. Ọ̀pọ̀ wá rò pé ìdákú apá ti di ìtàn àtijọ́.

Abuja, 2006

Láàrin ọdún kan àti ọ̀sẹ̀ kan, ìjàǹbá ńlá mẹ́ta bá Nàìjíríà. Ọkọ̀ Bellview já bọ́ ní Lísà, ìpínlẹ̀ Ògùn, ní ọjọ́ 22, oṣù kẹwàá, 2005, ó pa ènìyàn 117. Ọkọ̀ Sosoliso já bọ́ ní Port Harcourt ní ọjọ́ 10, oṣù kejìlá ọdún náà, àwọn ọmọ ilé-ìwé Loyola Jesuit College sì pọ̀ nínú àwọn tó bá a lọ. Ìkẹta ni ó kan kókó àpilẹ̀kọ yìí jù. Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹwàá, 2006, Boeing 737 ti ADC Airlines gbéra ní Abuja láti lọ sí Sókótó, ó sì já bọ́ kété lẹ́yìn tó gbéra. Ènìyàn 105 ló wà nínú rẹ̀. 9 péré ló yè. Sultan Sókótó, Muhammadu Maccido, àti ọmọ rẹ̀, Sẹ́nétọ̀ Badamasi Maccido, wà lára àwọn tó kú. Ọ̀fọ̀ náà wọ Ìlọrin lára, ìlú tí àjọṣe Ẹ́mírì rẹ̀ pẹ̀lú Sókótó ti wà láti sẹ́ńtúrì 19.

Àkókò àrọ̀kúrò òjò ni. Ẹni tó bá mọ̀ bí òjò àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò ṣe ń rọ̀ ní agbègbè wọ̀nyí mọ̀ pé ìjì máa ń ṣáájú wọn, tí yóò máa fẹ́ síhìn-ín fẹ́ sọ́hùn-ún. Nǹkan tí irú ìjì bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí ọkọ̀ òfuurufú ni pé atẹ́gùn tó ń bọ̀ láti iwájú lè yí padà lójijì kí ó máa ti ẹ̀yìn fẹ́. Eré tí afẹ́fẹ́ fi ń kọjá lára apá yóò dín kù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni agbára tó gbé ọkọ̀ dúró. Ìlànà wà fún un: agbára ẹ́ńjìnnì kíkún, imú ọkọ̀ ní ìwọ̀n tí ìlànà là sílẹ̀, kí awakọ̀ má sì ṣe fà á kọjá ibi tí ìkìlọ̀ ìdákú ti ń dún. Àjọ tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà sọ nínú ìjábọ̀ rẹ̀ pé awakọ̀ pinnu láti gbéra nígbà tí ó mọ̀ pé ojú ọjọ́ kò dára, àti pé kò tẹ̀lé ìlànà ìgbàpadà kúrò lọ́wọ́ irú ìjì náà. Apá dákú níbi tí ilẹ̀ ti sún mọ́ jù láti gbà á padà. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ìgbàpadà tó dára jù ni èyí tí awakọ̀ kò nílò, nítorí pé ó dúró de òjò kí ó dá. Èkejì ni pé nígbà tí ilẹ̀ bá sún mọ́, kò sí àyè láti ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú. Ohun tí ọwọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ni ọwọ́ yóò ṣe.

Ọdún 2009 àti àtúnṣe tó tẹ̀lé e

Ìjàǹbá méjì ní 2009 ni ó mú kí gbogbo ayé tún ẹ̀kọ́ náà yẹ̀ wò. Ní oṣù kejì, ọkọ̀ Colgan Air já bọ́ nítòsí Buffalo ní Amẹ́ríkà, ènìyàn 50 sì kú, títí kan ẹnìkan tó wà nínú ilé tí ọkọ̀ náà bọ́ lù. Nígbà tí ẹ̀rọ gbọn ọ̀pá ìdarí láti kìlọ̀, ọ̀gá awakọ̀ fà á. Nígbà tí ẹ̀rọ tì í síwájú, ó tún fà á. Ní ọjọ́ 1, oṣù kẹfà, Air France 447, Airbus A330 tó ń ti Rio de Janeiro lọ sí Paris, bọ́ sínú òkun Àtìláńtíìkì pẹ̀lú ènìyàn 228.

Ti Air France yìí yẹ fún àlàyé kíkún, nítorí pé inú rẹ̀ ni ìwà ẹ̀rọ àti ìwà ènìyàn ti lọ́ mọ́ra. Yìnyín dí ihò àwọn ọ̀pá kéékèèké tí ọkọ̀ fi ń mọ eré tó ń sá. Kọ̀ǹpútà kò mọ èyí tí yóò gbà gbọ́ mọ́, ó sì dá ọkọ̀ padà fún awakọ̀ lóru dúdú, ní gíga nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 35,000. Ààbò tí kì í jẹ́ kí apá dákú bá a lọ. Igbákejì awakọ̀ tó di ọ̀pá ìdarí mú fa imú ọkọ̀ sókè, ó sì ń fà á títí apá fi dákú. Ìkìlọ̀ ìdákú dún lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tó yá, eré tí ẹ̀rọ ń kà kéré débi pé kọ̀ǹpútà ka ìwọ̀n igun sí irọ́, ó sì pa ìkìlọ̀ náà. Bí awakọ̀ bá wá ti imú sísàlẹ̀ díẹ̀, tí ó ń ṣe ohun tó tọ́, ìkìlọ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá fà á padà, yóò dákẹ́. Ẹ̀rọ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú rẹ̀. Ẹni tó lè fi tọmọ jẹ́ ẹ, ẹni tó yẹ kí ó sọ pé, "Apá ti dákú, ẹ jẹ́ kí imú lọ sísàlẹ̀," kò rí ọ̀rọ̀ náà sọ lásìkò. Ó ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ tí ọkọ̀ náà fi ń já bọ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́.

Ìjábọ̀ àwọn olùṣèwádìí Faransé ní 2012 tọ́ka sí i pé àwọn awakọ̀ náà kò gba ẹ̀kọ́ nípa fífi ọwọ́ darí ọkọ̀ ní ibi gíga. Ní ọdún kan náà, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú gbé ìlànà tuntun jáde: kí awakọ̀ kọ́kọ́ dín igun kù, kí gbogbo nǹkan yòókù tẹ̀ lé e, kí a má sì ṣe fi sísọ̀ kalẹ̀ ọkọ̀ dá akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bi mọ́. Ní 2013, ó ṣe òfin tó sọ ọ́ di dandan pé kí awakọ̀ kọ́ ìdákú apá tó dákú tán nínú ẹ̀rọ ìdánrawò, ó sì fún àwọn iléeṣẹ́ ní àyè títí di 2019. Ní 2014, àjọ àgbáyé fún ìrìn òfuurufú, ICAO, tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà kan jáde lórí rẹ̀. Nǹkan bí ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni ó wà láàrin Staines àti ọdún tí òfin Amẹ́ríkà náà parí àyè tó fún wọn. Ìdánwò tó ṣi àwọn awakọ̀ lọ́nà pẹ́ kí ó tó yí padà.

Ìkẹjà, 2013

Ní ọjọ́ 3, oṣù kẹwàá, 2013, ọkọ̀ Embraer 120 ti Associated Aviation gbéra ní Ìkẹjà láti gbé òkú Olúṣẹ́gun Àgágù, gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà kan, lọ sí Àkúrẹ́ fún ìsìnkú. Ènìyàn 20 ló wà nínú rẹ̀. Ó já bọ́ nítòsí pápákọ̀ náà, púpọ̀ nínú wọn sì kú. Ìjábọ̀ sọ pé kí ọkọ̀ tó kúrò nílẹ̀ ni ohùn ẹ̀rọ ti ń kìlọ̀ pé ohun kan kò tọ́ lára apá, ìwọ̀n yíyí abẹ̀bẹ̀ ọ̀tún kò sì rí bó ṣe yẹ. Àwọn awakọ̀ kò dúró. Ọkọ̀ náà kò ní eré tó, apá rẹ̀ sì dákú ní tòsí ilẹ̀. Yàtọ̀ sí àwọn awakọ̀, ìjábọ̀ náà dá àṣà iléeṣẹ́ àti àìbójútó tó péye lẹ́bi. Ní Staines àti ní Ìkẹjà, ẹ̀rọ sọ òtítọ́, ènìyàn kò sì tẹ́tí sí i. Nítorí náà, kò tọ́ kí a fi ìtàn yìí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti kórìíra ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ tí a kò ṣàlàyé fún awakọ̀

Ìjàǹbá tó kẹ́yìn yí ọ̀rọ̀ po. Nígbà tí Boeing ń ṣe 737 MAX, ẹ́ńjìnnì tuntun rẹ̀ tóbi, ó sì wà níwájú ju ti àtijọ́ lọ. Èyí máa ń mú kí imú ọkọ̀ fẹ́ lọ sókè bí igun bá ti pọ̀. Boeing fi ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní MCAS sí i láti máa ti imú náà sísàlẹ̀. Ohun kékeré kan ṣoṣo tó ń díwọ̀n igun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ni MCAS ń gbọ́ tirẹ̀. Àwọn ìwé ìlànà tí awakọ̀ gbà kò ṣàlàyé pé ó wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹwàá, 2018, ohun tó ń díwọ̀n igun náà parọ́ lára ọkọ̀ Lion Air ní Indonesia. Ẹ̀rọ rò pé apá fẹ́ dákú, ó ń ti imú sísàlẹ̀ léraléra títí ọkọ̀ fi bọ́ sínú òkun pẹ̀lú ènìyàn 189. Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹta, 2019, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí Ethiopian Airlines 302 tó ń ti Addis Ababa lọ sí Nairobi. Àwọn awakọ̀ rẹ̀ pa ẹ̀rọ náà nígbà kan, ṣùgbọ́n eré ọkọ̀ ti pọ̀ jù fún wọn láti fi ọwọ́ tún un ṣe. Ènìyàn 157 ló kú.

Ọmọ Yorùbá méjì tí gbogbo ayé mọ̀ wà lára wọn. Ọ̀kan ni Abíọ́dún Bashua, aṣojú Nàìjíríà tẹ́lẹ̀ tó bá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣiṣẹ́. Èkejì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Pius Adésanmí, ọmọ Ìsánlú ní ilẹ̀ Yàgbà, òǹkọ̀wé àti olùkọ́ ní Yunifásítì Carleton ní Canada. Yunifásítì Ìlọrin ni ó ti gba oyè àkọ́kọ́ nínú èdè Faransé ní 1992. Ìlọrin tó ń kọ́ awakọ̀ ni Ìlọrin tó kọ́ èrò inú ọkọ̀ yìí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá gbogbo 737 MAX dúró káàkiri ayé. Nígbà tí Amẹ́ríkà gbà kí ó tún fò ní oṣù kọkànlá, 2020, MCAS ti ní láti fi ohùn ẹlẹ́rìí méjì wéra kí ó tó ṣe nǹkan, awakọ̀ sì ní láti kọ́ nípa rẹ̀ nínú ẹ̀rọ ìdánrawò. Àwọn olùṣèwádìí Amẹ́ríkà àti Faransé sọ pé ìjábọ̀ Ethiopia kò sọ̀rọ̀ tó nípa ohun tí àwọn awakọ̀ ṣe. Bí ó ti wù kí ó rí, a kò lè bi ènìyàn léèrè ẹ̀kọ́ tí a kò fún un tó.

Ẹ̀kọ́ fún Ìlọrin àti fún olùkọ́

Nínú ètò ẹ̀kọ́ tí a ń lò káàkiri àgbáyé, akẹ́kọ̀ọ́ ọkọ̀ kékeré ní láti pàdé ìdákú apá kí ó tó dá fò. Olùkọ́ yóò gbé e lọ sí gíga tí kò léwu, yóò dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, yóò sì ní kí ó máa fa imú ọkọ̀ sókè títí apá yóò fi dákú. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá ti ọ̀pá síwájú fúnra rẹ̀, yóò rí i bí apá ṣe ń jí. Bóyá ìgbà yìí nìkan ni yóò rí ìdákú tòótọ́ nínú ọkọ̀ gidi ní gbogbo ayé rẹ̀. Nítorí náà, àbá àkọ́kọ́ ni pé kí ilé-ẹ̀kọ́ má ṣe fi iṣẹ́ yìí ṣe ìdí owó tàbí epo, kí wọ́n ṣe é títí yóò fi mọ́ ọwọ́ lára. Èkejì ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìdí tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan fi wà, ibi tó ti ń gba ìròyìn rẹ̀, àti ohun tí yóò ṣe bí ìròyìn náà bá jẹ́ irọ́. Ìkẹta ni pé kí ó kọ́ láti gba ìkìlọ̀ ẹ̀rọ gbọ́ kí ọkọ̀ tó kúrò nílẹ̀, kí ó sì lè sọ pé òun kò ní gbéra.

Àbá kẹrin kan àwọn olùkọ́ tí kò ní wọ yàrá awakọ̀ láéláé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn olóye fi ń fún awakọ̀ ní máàkì nítorí pé ó di gíga mú. Wọn kò fẹ́ ibi. Ohun tó rọrùn láti kà ni wọ́n ń kà. Olùkọ́ tó ń fún ọmọ ní máàkì nítorí pé ó ka ìdáhùn lórí láìbéèrè bóyá ó yé e ń ṣe irú nǹkan kan náà. Ó sì yẹ kí a máa fi èdè abínibí ṣàlàyé irú ìmọ̀ báyìí. Bí ọmọ kíláàsì kẹfà ní Ìlọrin bá lè fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣàlàyé ìdákú apá ní Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì tí yóò bá pàdé lẹ́yìn náà kò ní rú u lójú.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn tí a gbé yẹ̀ wò kò sọ pé kí a lé ẹ̀rọ kúrò nínú ọkọ̀. Ìrìn òfuurufú lóde òní láàbò ju ti 1972 lọ dáadáa, ẹ̀rọ sì wà lára ìdí rẹ̀. Ohun tí ìtàn sọ ni pé ẹ̀rọ ń jẹ́ iṣẹ́ bí a ṣe rán an, yálà ìròyìn tó gbà jẹ́ òótọ́ ní Ìkẹjà tàbí irọ́ ní Ethiopia. Ẹni tí yóò mọ ìyàtọ̀ ni awakọ̀, a sì ní láti kọ́ ọ kí ọjọ́ náà tó dé, nítorí pé lọ́jọ́ tí apá bá dákú nítòsí ilẹ̀, kò sí àyè fún ẹ̀kọ́ mọ́.